Ọ̀pá Margaret

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí ọ̀pá àǹtí mi?"

Bernice tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ireland dé ti kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lórí bẹ́ẹ̀dì náà, Margaret àǹtí rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mọ́wùnmí ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú màmá arúgbó yìí nínú ilé àwọn àgbà ní Thamesmead, ní London, òun náà ló sì mọ ibi tí ọ̀pá wà. Ọ̀pá ti deérú.

Lójoojúmọ́ ni Margaret máa ń dìde tẹ́lẹ̀. Á gbé ọ̀pá pẹlẹbẹ tó dà bí omorógùn yẹn, á máa fì í fìrìfìrì nínú afẹ́fẹ́, á sì máa ké sí àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí: "Nuala! Josie! Ẹ gbé e fún mi!"

"Sister mi, ẹ ṣọ́ra o," Olútóyìn, alábàáṣiṣẹ́ Mọ́wùnmí, sọ fún un. "Ìpàdé ló ń pè yẹn."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀! Arúgbó kì í sọ̀rọ̀ lóun nìkan láàárín wa ká má fi àjẹ́ pè é. Mọ́wùnmí fi kóòtù bo ọ̀pá náà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Nathan Way. Wọ́n da òróró sí i, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ Ìsinmi ó gba máíkì, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti ṣẹ́gun àjẹ́ òyìnbó, gbogbo ìjọ hó yèè. Láti ìgbà náà Margaret ò dìde mọ́.

"Kí ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá yẹn ṣe, tí wọ́n fi ń pe Nuala àti Josie?" ni Mọ́wùnmí bi í.

"Kamógì ló ń gbá," ni Bernice wí, "eré ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Òun ni kápúténì. Ọ̀pá yẹn ló fi gbá bọ́ọ̀lù tó gbé ife-ẹ̀yẹ wálé, gbogbo ìlú ló tú jáde wá pàdé rẹ̀. Nuala àti Josie ni wọ́n jọ ń gbá a. Wọ́n ti kú tipẹ́."

Ojú ti Mọ́wùnmí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Èmi ni mo gbé e," ló wí níkẹyìn. "A ti sun ún."

"Ẹ sun ún? Kí ló dé?"

Kí ni yóò sọ? Pé ẹni tó ń rántí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pè ní àjẹ́? Ó kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Margaret yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́. "Ọmọ dáadáa, bá mi mú ọ̀pá mi. Wọ́n ń dúró dè mí."

Mọ́wùnmí ò rí nǹkan mìíràn, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i lọ́wọ́. Margaret tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó sì rọra dá a padà.

"Kì í ṣe èyí, ọmọ mi."