Èjìká Obìnrin Tó Ń Lọ Aṣọ

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi fọ aṣọ aláṣọ, tó fi lọ̀ ọ́. Kò wọ ilé àwòrán rí, àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin di ẹni tó ń mú àlejò yíká ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó múra bí ìyá ìyàwó, ó dúró sẹ́yìn àwọn àlejò, ó sì ń yọ́ fi ìka wò bóyá eruku wà lára àga. Ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀.

Àwòrán òkè àti odò ò jẹ ẹ́ lógún. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí àwọn àgbààgbà ń mi orí. Orí ìyá ń wú. Àfi bí wọ́n ṣe dé iwájú àwòrán kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Obìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ̀ sórí tábìlì, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Omi ti bọ́ lójú Ìyá Alágbàfọ̀ kó tó mọ̀. Ta ló fara balẹ̀ tó báyìí, tó wo ọwọ́ alágbàfọ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ọba?

"Ẹ wo èjìká ọ̀tún yìí," ni ọmọ rẹ̀ ń wí. "Ó wálẹ̀ ju tòsì lọ. Ọwọ́ ayàwòrán ló yẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi máa gbé e lọ sí yàrá ẹrù lọ́la."

Ọ̀gá wọn tó dúró nítòsí ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá fẹ́ panu mọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ọmọ níwájú ọ̀gá. Tó bá dákẹ́, wọ́n á ti obìnrin yìí mọ́ òkùnkùn fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ayàwòrán ò ṣì í yà o," ló wí.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Màmá mi ni, sà," ni ọmọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Mà?" ni ọ̀gá bi í.

Ìyá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ó ká ìborùn rẹ̀ kúrò, ó sì dúró ṣánṣán. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi ti obìnrin yẹn.

"Áyọ́ọ̀nù tó wúwo ló ń fà á," ló wí. "Tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, kì í gòkè mọ́. Ẹni tó ya èyí rí wa dáadáa."

Ọ̀gá wo àwòrán, ó wo èjìká, ó tún wo àwòrán. "Kò ní kúrò níbí mọ́," ló sọ, ó wá kọjú sí ọmọ. "Ìwọ, ọmọ alágbàfọ̀, o ò mọ̀?"

Ọmọ dorí kodò. "Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló fa ti Màmá, sà."

"Ẹ má bá a wí, ọ̀gá," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn, tayọ̀tayọ̀. "Ibo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù rí."