Ọ́fíìsì Ọ̀rinrin

Lóru àná, àlá kan ká mi mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kó tó pòórá lórí mi.

Ṣé ẹ rántí ẹyin tòlótòló tí èmi àti Móníyì ìyàwó mi rà láti Jọ́ọ̀sì, tí mọ́tò gbọ̀n jìgìjìgì kó tó dé Ṣakí? Wọ́n wà nínú ẹ̀rọ tó ń bá wa sàba lé wọn. Àwọn tá a kọ́kọ́ kó síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀rinrin pọ̀ jù fún wọn, inú èèpo ni wọ́n kú sí. Torí náà, lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ ká bu omi sínú ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ti fẹ́ pa báyìí, Móníyì sì ní ó tó àkókò ká bu ú, kí awọ inú ẹyin má baà gbẹ mọ́ àwọn ọmọ náà lára. Mo kọ̀. Orí ìjà yẹn la sùn lé.

Lójú àlá, mo ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹyin kan ní, “Bàbá, omi ti mù mí dé ọrùn.”

Èkejì ní, “Irọ́ ló ń pa. Òùngbẹ ló ń gbẹ wá.”

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n lọ béèrè ní ọ́fíìsì ọ̀rinrin. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè kànga wa, mo bá gun okùn korobá lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ wọ táì. Ó yọ ahọ́n, ó fi tọ́ afẹ́fẹ́ wò.

“Ṣé ó tutù tó, sà?”

“Dúró ná.”

Irùngbọ̀n hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún béèrè. Ó ń jẹ táì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

“Ẹ dákun, sà, wọ́n fẹ́ kú.”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀.”

Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú ọ́fíìsì. Tábìlì di ẹyin ńlá, mo sì gbọ́ ohùn Móníyì nínú rẹ̀: “Bàbá Ìbídùn, awọ yìí ń fún mi!” Mo fi èékánná ya èèpo, èèpo mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ya ìyẹn náà, òmíràn tún wà. Òjò ń rọ̀ lé mi lórí, ẹyin náà sì gbẹ koko. Mo ń sáré yí i ká, mi ò rí ibi tí mo lè gbà fún un lómi.

Mo ta jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Móníyì jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń fi aṣọ ìnura bọ omi.

“Ọ̀kan ti dá èèpo rẹ̀ lu,” ó ní, kò wojú mi. “Ṣé kí n gbé aṣọ yìí sínú ẹ̀rọ?”

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ fún un.

Kò pẹ́, ooru omi bo dígí, a ò rí inú mọ́. Igbe wọn nìkan là ń gbọ́: ọ̀kan, lẹ́yìn náà òmíràn.