Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Àyà Ò Kanlẹ̀

Ẹ gbọ́ àlá tí Fadékẹ́mi lá mọ́jú òní. Bó ṣe rọ́ ọ fún wa nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹkún ló sùn lé, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn lánàá, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la. Fadékẹ́mi gba máìkì. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun máa du ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí, òun ò sì ní ṣe ìgbákejì ẹnikẹ́ni. Àṣé bàbá Láníyì, bàbá ọmọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn, wà láàárín èrò. Bàbá ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ò lè wọ ilé òun ṣe ìyàwó. Láníyì gbọ́, kò fọhùn, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dun Fadékẹ́mi wọ eegun.

Nínú àlá, wọ́n ń ṣe ìdána rẹ̀. Inú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni, àmọ́ ọ́fíìsì náà ti gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lórí ìlú Ìkìrun bí ìkùukùu tó ń rìnrìn àjò. Fadékẹ́mi ò bẹ̀rù. Ó kàn di ìró rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn. Àpótí ìbò kan wé gèlè, ó jókòó tì í. Òun ni alága ìjókòó tó ń gbẹnu sọ fún ilé ìyàwó.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ wọlé, agbádá wọn ń gbálẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?" àpótí ìbò bi wọ́n.

"A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a fẹ́ já a."

"Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

Alága ẹgbẹ́ gbé àga kékeré kan síwájú. Wọ́n ti kọ ÌGBÁKEJÌ sí i lára. "Ibi tó máa jókòó sí rèé. Tí ìjókòó bá sú u, kó máa bá wa se oúnjẹ ìpàdé."

Àga náà wúkọ́. "Ẹ má bínú o, ẹsẹ̀ mi kan ti kán. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti ṣubú lórí mi."

"Ẹ gbé e padà," àpótí ìbò ní. "Àga ààrẹ là ń retí. Ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná, ká mọ̀ pé ọmọ lẹ wá tọrọ lóòótọ́."

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: ẹni tó wá tọrọ ìyàwó, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Àwọn àgbà wo agbádá, wọ́n wo eruku. Wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀, wọ́n gbé ikùn sókè.

"Àyà ò kanlẹ̀!" àpótí ìbò pariwo. "Ẹ tún un ṣe!"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," alága ẹgbẹ́ dáhùn.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ náà ni wọ́n di ewúrẹ́. Akọ̀wé wọn, tó ti di òbúkọ tó ní irùngbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ìbò. Fadékẹ́mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó kàn ní kó rọra jẹ ẹ́, kó má baà há a lọ́fun.

Síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ààrẹ tí kò ní olólùfẹ́, ta ni yóò máa rojọ́ ọ̀sán fún lálẹ́?

"Láníyì mi dà?" ó béèrè.

Ó béèrè tán ni ọ́fíìsì di alùpùpù, tòun ti àwọn ewúrẹ́ lórí rẹ̀, ó ń sáré lójú odò, kò sẹ́ni tó ń wà á.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nìyí," àpótí ìbò ṣàlàyé. "Ẹni iwájú ni ààrẹ, ẹni ẹ̀yìn ni ìgbákejì."

Láníyì jáde látinú omi, aṣọ rẹ̀ ò tutù rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú odò.

"Olólùfẹ́ mi, bọ́ síwájú. Ẹ̀yìn rẹ ni mo máa jókòó sí, màá di ẹ́ mú."

"Ṣé ojú ò ní tì ẹ́?"

"Ìwọ ni ojú mi ń wò. Ojú wo ló kù tó máa tì mí?"

"Àyà ti kanlẹ̀ o!" àpótí ìbò figbe ta, ó bẹ́ sí ijó. Fadékẹ́mi na ọwọ́ láti di alùpùpù mú, ewúrẹ́ kan sì ké sí i létí: mẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Ó lajú. Ewúrẹ́ ìyá onílé ló wà lẹ́yìn fèrèsé, ìwé ìpàdé àná ló ń jẹ lẹ́nu. Wọ́n sì ń kan ilẹ̀kùn.

Láníyì ni. Eruku kún iwájú ẹ̀wù rẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo.

"Kí ló ṣe ẹ̀wù ẹ?"

"Láti ìdájí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá mi. Mo ní mi ò dìde, àfi tí wọ́n bá gbà ẹ́ bó o ṣe wà."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n sùn síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní tó o bá dé Àbújá, kó o má gbàgbé ọ̀nà àdúgbò wa o."

Fadékẹ́mi mí kanlẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku àyà ẹ̀wù náà. Kò nù ún tán. Ó ní kí díẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀.