Nọ́ńbà Tó Fara Pamọ́

“Dúró ná! Má tíì yọ ọ́.”

Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá rẹ̀, onímọ̀ físíìsì tí gbogbo ilé ìwádìí náà ń pè ní Ìyá Aago, dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó tún padà wá jókòó. Ogún ọdún ló ti ń retí ọ̀sán òní. Ọ̀sán ọ̀hún wá dé tán, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀.

“Ṣé òyì ń kọ́ ẹ ni?” Ìyá tó bí Ìyá Aago ló béèrè, láti orí àga tí wọ́n fi í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó máa ń dúró tì í nílé kò wá láàárọ̀, kò sì ṣeé ṣe láti fi arúgbó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan.

“Rárá o, Màmá. Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Ẹ̀rù aago? Látìgbà tó o ti ń ṣọ́ àwọn aago yìí, o ò tètè délé rí lọ́jọ́ kan. Èmi ló yẹ kí n máa bẹ̀rù wọn.”

Onírùngbọ̀n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aago náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún díẹ̀, torí òótọ́ ni.

Aago méjì ni. Ọ̀kan wà ní yàrá abẹ́lẹ̀, èkejì wà ní àjà tó ga jù nínú ilé náà. Wọn kò ní ọwọ́, wọn kò sì ń dún. Átọ́ọ̀mù tí iná lésà gbá mú ni wọ́n fi ń ka àkókò. Tíọ́rì rẹlatífítì ló sọ ọ́, láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pé bí aago bá ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó ni yóò ṣe máa falẹ̀ tó, pé èyí tó wà lókè ni yóò máa yára. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kéré débi pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún mílíọ̀nù ọdún, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn mìíràn ti wọn irú rẹ̀ ṣáájú. Òun fẹ́ wọ̀n ọ́n dáadáa jù wọ́n lọ, kó lè mọ̀ bóyá tíọ́rì náà yẹ̀ níbì kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sì mọ bí ojú ṣe máa ń rí ohun tí ọkàn fẹ́. Ìdí nìyẹn tí Onírùngbọ̀n fi mú nọ́ńbà kan tí òun nìkan mọ̀, tó sì fi í kún èsì iṣẹ́ wọn. Níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà náà bá ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá èsì dára tàbí kò dára. Lọ́jọ́ tó bá yọ ọ́, iṣẹ́ parí nìyẹn. Kò sí àtúnṣe kankan mọ́. Ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n á gbé jáde fáyé.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ṣe tán?”

“Mo ti ṣe tán. Yọ ọ́.”

Onírùngbọ̀n tẹ kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Kò bá tíọ́rì mu, mà. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.”

Ìyá Aago dìde, ó lọ wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Nínú kí tíọ́rì ọ̀hún ti fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àbí kó jẹ́ pé ó ti fi ogún ọdún ṣòfò, ó mọ èyí táyé máa gbà gbọ́. Ó ń ṣe é bíi kó sáré gòkè lọ wá ohun tó máa di ẹ̀bi rù: bóyá lésà ni, bóyá ooru yàrá ni. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tí òun fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì nípa rẹ̀ lánàá.

“Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà,” ó wí.

“Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Kí wọ́n máa ṣe é. Ohun tí aago sọ nìyẹn.”

Onírùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó dúró lójijì, ó tẹjú mọ́ ohun tó ti tẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá iwájú orí.

“Yéè! Mo fi kún un ni! Dípò kí n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò, mo tún fi kún un lẹ́ẹ̀kejì!” Ó sáré tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ ọ́. “Ó bára mu, Ọ̀gá. Ó bára mu rẹ́gí.”

Ìyá Aago rìn lọ bá ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó gbé tíọ́rì ọ̀hún kalẹ̀ jókòó, ó ronú, kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí rárá, kí ẹnikẹ́ni tó rí iná lésà, ó ní báyìí ni ayé rí. Báyìí náà sì ni ayé rí! Ẹnu yà á bí ẹni pé òní ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

“Kí laago ọ̀hún wá sọ?” ìyá rẹ̀ béèrè.

“Ó ní ti òkè ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, Màmá. Níbi gbogbo ni. Bẹ́ ẹ ṣe jókòó yìí, orí yín ń yára darúgbó ju ẹsẹ̀ yín lọ.”

“Á jẹ́ pé irọ́ lẹsẹ̀ yìí ń pa fún mi, torí òun ló kọ́kọ́ darúgbó.”

Onírùngbọ̀n rẹ́rìn-ín títí, ó sì sáré jáde lọ fọ̀rọ̀ náà tó àwọn yòókù létí.

“Dìde nílẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. “Aṣọ ẹ á dọ̀tí.”

“Mò ń bọ̀, Màmá.”

Kò dìde. Ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó wo irun funfun tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ náà ga ju ibi tí òun wà lọ. Àkókò ìyá òun ń sáré ju tòun lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Òun fúnra òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, kò sì wo aago kankan.