Èrò Ayédèrú

Ọ̀rọ̀ tí Desmond Foo bá Geok Choo sọ lọ́jọ́ Ẹtì kò gùn rárá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyá náà sùn dáadáa títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Desmond ni ọ̀gá àwọn amọ̀nà nílé-iṣẹ́ kan tó ń kó èrò bàálù wọ ìlú Singapore, àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ tí bàálù wọn kejì kò níí gbéra títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Geok Choo ti pé méjìlélọ́gọ́ta, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó já Desmond lẹ́nu ọmú. Desmond ní ilé-iṣẹ́ ń dín àwọn amọ̀nà tó ti lé lọ́gọ́ta kù. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èrò ayédèrú kan máa wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀, á ṣe bí ẹni tó wá ṣe fàájì, á sì máa fún un ní máàkì lábẹ́lẹ̀. Bí máàkì náà bá dára, wọ́n á fún un ní ọdún méjì sí i. Bí kò bá dára, kó lọ máa sinmi nílé.

"Ẹ má fòyà, Àǹtí," ni Desmond wí. "Ẹ ṣáà ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Singapore kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù kí ẹlòmíràn má lọ gba iwájú ẹni, inú omi tí wọ́n ń mu nílùú yẹn ló wà. Wọ́n á kọ́kọ́ tò sórí ìlà ná, kí wọ́n tó béèrè ohun tí wọ́n ń tà níwájú. Ti Geok Choo tún wá lé kenkà. Kó lọ máa sinmi nílé, pẹ̀lú ta ni? Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Melbourne, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Àìkú, á sì máa fọ abọ́ lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Inú bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni àwọn èèyàn ti ń tẹ́tí sí Geok Choo. Kò fẹ́ pàdánù rẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èrò mọ́kànlélógún ló gòkè sínú bọ́ọ̀sì. Geok Choo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì ń fi ojú tú ẹrù wọn. Ìdílé kan wà tó ń ti Chennai lọ sí Auckland, ọmọ mẹ́ta, ariwo ọmọ mẹ́wàá. Tọkọtaya kan wá láti Brazil, wọn ò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ṣègbéyàwó, kódà wọ́n ya fọ́tò àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin ará Ọsirélíà kan lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi fìlà bojú, ó ti ń hanrun kí Hamzah awakọ̀ tó tan iná ọkọ̀. Geok Choo yọ ìyẹn kúrò nínú ẹni tó ń fura sí. Ní ìjókòó kejì, ọkùnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún wà níbẹ̀, Quek Teck Soon lorúkọ rẹ̀ lórí ìwé, pásípọ́ọ̀tù Kánádà ló sì mú dání. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tóun máa dé Singapore nìyí.

Níbi ère kìnnìún onírù ẹja tó ń tu omi lẹ́nu, gbogbo wọn ya fọ́tò àfi Teck Soon, tó yí ẹ̀yìn sí ère, tó ń wo àwọn ilé bí ẹni tó ń wá èyí tó sọnù. Geok Choo rí i, ṣùgbọ́n kò tíì kà á sí.

Gbọ̀ngàn oúnjẹ ni àṣírí ti tú. Ọ̀sán ti pọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ooru ìkòkò ń lù wọ́n lójú. Àwọn ará Brazil gbé àwo oúnjẹ dání, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Teck Soon kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó rí tábìlì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo, ó yọ tíṣù kékeré kan lápò, ó sọ ọ́ sórí tábìlì náà, ó sì lọ tò síbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì olómi adìẹ láì bojú wẹ̀yìn. Ṣíbí dúró sẹ́nu Geok Choo. Nílùú yẹn, tíṣù lórí tábìlì ni wọ́n fi ń gba ìjókòó sílẹ̀, ó sì lágbára ju àgádágodo lọ. Bí ebi ń pa ọba, kò níí jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kì í mọ̀ ọ́n. Àlejò á gbé báàgì síbẹ̀ tàbí kó fi ìyàwó rẹ̀ ṣọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti kékeré, ló lè sọ tíṣù sílẹ̀ kó máa lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó wí. Kí ni ọmọ ìlú ń wá nínú bọ́ọ̀sì àlejò, tó tún ń purọ́ pé àlejò lòun? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni Geok Choo rí sí i. Ó gbé omi tútù, ó lọ gbé e kalẹ̀ níwájú Teck Soon, kò sì gba owó.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń kẹ́ ọkùnrin náà bí ọmọ tuntun. Òun ló kọ́kọ́ ń pè wọ bọ́ọ̀sì, òun ló ń ṣí agbòòrùn lé lórí. Ìyá àwọn ọmọ Chennai bi í léèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀. Ó jí ará Ọsirélíà pé ó tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀, ìyẹn sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì tún sùn. Geok Choo kò mọ̀ pé ènìyàn lè ná owó bàálù kó wá sùn káàkiri ayé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọjà àwọn ará Ṣáínà, òun fúnra rẹ̀ ló mú Teck Soon lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yan gbẹ, tó sì bá a ná an. Teck Soon ra odindi kílò kan. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣa èyí tó rọ̀, nítorí ẹni tó máa jẹ ẹ́ kò léyín mọ́. Ó tún ra ṣòkòtò òdòdó tí àwọn ìyá arúgbó máa ń wọ̀ sùn. Geok Choo kìlọ̀ fún un pé àwọn aṣọ́bodè Kánádà kì í jẹ́ kí ẹran wọlé. Teck Soon ní ẹran náà kò lọ sí Kánádà. Geok Choo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ sọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ti rí máàkì rẹ̀ lójú.

Nígbà tí wọ́n gba ọ̀nà etíkun padà sí pápá ọkọ̀ òfúrufú, òjò ti ṣú. Ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, Hamzah ń rọra rìn. Bí àwọn ilé gíga Marine Parade ṣe yọ lápá òsì, Teck Soon tẹ̀ síwájú, ó sì bá Geok Choo sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Singapore ṣe máa ń sọ ọ́.

"Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ti dá mi mọ̀. Láti ibi oúnjẹ yẹn ni mo ti rí i lójú yín. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bò mí láṣìírí."

Ọkàn Geok Choo fò sókè. Ó ní kò tọ́pẹ́, iṣẹ́ oníkálukú ni oníkálukú ń ṣe.

"Ó ku nǹkan kan ṣoṣo," ni Teck Soon wí. "Ìyá mi ló ń gbé ibẹ̀ yẹn, àjà kọkànlá. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ẹ bá mi bẹ awakọ̀ kó yà, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Màá gbé ẹran yìí fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá sì sọ̀kalẹ̀."

Ó wá ń rojọ́, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ó dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Ó ní òun kò wá síbi ìsìnkú bàbá òun nítorí iṣẹ́, ni ìyá òun bá sọ lórí fóònù pé kóun má tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Òun kò pe ìyá, ìyá kò pe òun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun ti mọ̀ọ́mọ̀ ra ìwé ìrìn-àjò tó gba Singapore kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin lòun jókòó sínú pápá ọkọ̀ òfúrufú tóun ń jẹ núdù títí bàálù fi gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí, òun bá àwọn àlejò wọ bọ́ọ̀sì, kó lè jẹ́ pé bí àyà òun bá já, òun á sọ pé ère kìnnìún lòun wá wò. Ó ní oore tí Àǹtí ṣe fóun lónìí ló fún òun láyà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní gbogbo fèrèsé ilé gíga yẹn, ọwọ́ ń yọ síta, wọ́n ń fa ọ̀pá ọparun tí wọ́n fi sá aṣọ wọlé. Teck Soon dìde dúró. Ó ń ka fèrèsé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹnu rẹ̀ ń mì. Geok Choo náà wo ibi tó ń wò. Ní àjà kọkànlá, apá tín-ín-rín kan ń fa ọ̀pá tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣòkòtò òdòdó kan sì ń fì lórí ẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni Teck Soon wí. "Ó ṣì wà láyé."

Ẹ gbọ́ ohun tó wá sọ́kàn obìnrin yìí. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun mà múra ìdánwò yìí sílẹ̀ o. Ojú ìwé kejìlá nínú ìwé òfin wọn ti sọ ọ́: èrò á wá pẹ̀lú ìtàn tó ń múni láàánú, á ní kí bọ́ọ̀sì dúró níbi tí kò sí lára ètò, amọ̀nà kò sì gbọdọ̀ gbà. Hamzah wò ó nínú dígí. Ó ní àkókò ṣì wà, Àǹtí, òun lè yà níwájú yìí. Ó tilẹ̀ ti tan iná tó fi hàn pé ọkọ̀ fẹ́ yà. Geok Choo sọ ọ̀rọ̀ sókè kí máàkì má bàa fò ó dá.

"Ẹ má bínú, ọ̀gbẹ́ni. Bọ́ọ̀sì wa kì í dúró níbi tí kò sí nínú ìwé. Mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin ni òfin."

Ká ní ará Kánádà ni Teck Soon dé inú egungun ni, ì bá jà, ì bá ní kí wọ́n pe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọmọ Singapore ni. Wọ́n dárúkọ òfin fún un, ó sì jókòó.

"Ẹ ò jẹ̀bi, Àǹtí," ló wí. "Òfin ni."

Hamzah pa iná náà. Títí wọ́n fi dé pápá ọkọ̀ òfúrufú, ọkùnrin náà fi iwájú orí ti gíláàsì. Geok Choo ń retí kó ṣẹ́jú sí òun kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kò ṣẹ́jú. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó na ẹran àti ṣòkòtò sí i, ó ní kó bá òun lò ó. Geok Choo ní òfin kò gbà kí amọ̀nà gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ èrò. Teck Soon wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé. Geok Choo ka orí, wọ́n pé mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Desmond pè é sí ọ́fíìsì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní máàkì tí Àǹtí gbà ga ju ti gbogbo àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ó ka ìwé náà fún un: "Èrò kan sọ ìtàn ìyá rẹ̀, ó sì ní kí bọ́ọ̀sì yà. Awakọ̀ fẹ́ gbà fún un. Amọ̀nà kọ̀ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò jẹ́ kí àánú borí òfin. Èyí tayọ." Geok Choo ń mi orí, ara rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Desmond kà á lọ: "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi sùúrù jí mi lójú oorun."

Orí Geok Choo dúró. Ó ní kí Desmond tún gbólóhùn yẹn kà. Desmond tún un kà.

"Ta ló wá jókòó ní ìjókòó kejì?"

Desmond yẹ orúkọ wò. "Èrò ni, Àǹtí. Èrò lásán."

Geok Choo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń rí apá tín-ín-rín yẹn. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó padà wá, ó sì fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì. N kò níí purọ́ fún yín pé kò fọwọ́ sí i.

Oríire kì í dá wá. Desmond ní kó máa kọ́ àwọn amọ̀nà tuntun, kó sì fi ohun tó ṣe yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn mẹ́sàn-án ló jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé kejìlá, ó rọ́ ìtàn náà fún wọn bí Desmond ṣe kà á fún un, ó sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe. Gbogbo wọn ní àwọn á kọ̀. Obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí wá nawọ́ sókè.

"Tó bá jẹ́ pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́, Àǹtí?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ Geok Choo, ìlà méjì péré ni, ó sì mọ̀ ọ́n lórí.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ó ń kó aṣọ lójò."

Wọ́n dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé kẹtàlá.