Dáhlíà Ilé Àlàájà Raudah

Ní gbogbo àdúgbò Àlàájà Raudah ní GRA, ilé tiẹ̀ nìkan ni dáhlíà ti tanná lọ́dún tó kọjá. Láti Jọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀ ti gbé e wá tìkòkòtìkòkò. Látìgbà tí Àlàájà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òdòdó yìí ló kù tí wọ́n fi ń kan sáárá sí i. Ló bá ránṣẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n wá wò ó lóṣù kẹfà, tó bá tún tanná.

Bí ọ̀dùnkún ni dáhlíà ṣe ń ta nísàlẹ̀. Àlàájà hú u nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò dé, Husseinat, aládùúgbò rẹ̀ ní ilé kejì, ní kí wọ́n ta òun lọ́rẹ díẹ̀. Ọjà Ìpàtà ni ìyá Husseinat ti ń ta iṣu, Àlàájà kì í sì í gbàgbé ìyẹn. Ó gé gbogbo èyí tó sanra fún ara rẹ̀, ó wá kó kùkùté gbígbẹ tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ rọ̀ mọ́ sínú náílọ́ọ̀nù fún un.

"Àlàájà, orí ẹ̀ lẹ kó fún mi yìí o. Orí ló ń hù. Ẹ jẹ́ n dá díẹ̀ padà."

"Ọmọ oníṣu! Ṣé iyán la fẹ́ fi gún ni? Máa kó o lọ, jàre."

"Ẹ ṣé mà. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i."

Àlàájà bomi rin tiẹ̀ láàárọ̀, ó bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó fi ìka tú u wò, ó ti rà, ó ń rùn. Ti Husseinat ti ga dé èjìká, òdòdó rẹ̀ pọ́n, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn àlejò mẹ́rin dé, iwájú ilé Husseinat ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Kí Àlàájà tó jáde, wọ́n ti ń ya fọ́tò.

"Raudah, òdòdó rẹ rèé?" Àlàájà Aishah ló bi í, ẹni tó gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.

"Èmi ni mo fún un."

Gbogbo wọn kọjú sí Husseinat. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀, Àlàájà á tẹ́.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo èyí tó lórí ni wọ́n kó fún mi."

"Raudah, tìrẹ wá ńkọ́?"

"Mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ara mi," ni Àlàájà wí. Ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀.

"Màṣàállàhù! Irú ọrẹ wo rèé! Tèmi ti dájú lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Tèmi náà o! Awun kọ́ ni Raudah." Àwọn méjì tó kù náà béèrè tiwọn.

"Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ mí," ni Àlàájà wí.

Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, ó dúró lẹ́nu géètì Husseinat, ó wúkọ́.

"Ìwọ náà gbọ́. Èèyàn mẹ́rin."

"Mo gbọ́ mà. Ẹ wọlé, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè lórí."

Àlàájà ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó wojú ọ̀nà lọ, ó wojú ọ̀nà bọ̀, ó wọlé. Ó ní kí Husseinat ṣáà ti géètì.