Ọta Tí Doyle Ń Ṣe fún Mi

Ọta náà kò wọlé. Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, mo fi í sínú ihò rẹ̀ nínú ìbọn ìléwọ́, ó wọ̀ dé ibì kan, ó sì dúró bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tì í títí àtàǹpàkò fi pọ́n. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára ìbọn náà, Mẹ́ta-Márùn-ún-Méje, ni mo sọ fún ẹni tó ta ọta fún mi nílùú, òun náà ló sì wà lára páálí. Mo rò ó pé ìbọn náà ti kú tẹ̀lé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Doyle ọkọ mi ló máa ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń nù ún, òun ló ń ki ọta sí i, òun ló sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta náà nínú gáréèjì, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin àfonífojì wa ti ń ṣe, tí wọ́n ń ṣa kóròfo èyí tí wọ́n ti yìn, tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀. Eruku èédú tó fà símú nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú ló pa á, ní àsìkò tí igi orí òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Àwọn ọta tó kì sínú ìbọn náà kẹ́yìn ni mo yọ sínú ife, nítorí n kò fẹ́ yìn wọ́n tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tuntun.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òkú lórí rédíò, ọmọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gun àtẹ̀gùn iwájú ilé wa. Ó bá mi kẹ́dùn. Ó wá béèrè bóyá oògùn ìrora bàbá, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń yó, ṣẹ́ kù. Mo ní kò ṣẹ́ kù. Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wo inú ilé láti orí èjìká mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìbọn sínú àkọ̀ lábẹ́ súẹ́tà, ì báà jẹ́ ilé adìyẹ ni mo ń lọ, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé wa ló kẹ́yìn ní àfonífojì. Kí ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ibi á ti ṣe é, á ti jẹun, á ti fọ abọ́.

Curtis ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́ èyí rárá.

“Màmá, ẹ di ẹrù yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Lexington. Yàrá yín ti wà nílẹ̀.”

“Ta ni yóò máa wo bàbá rẹ?” Orí òkè ẹ̀yìn ilé la sin ín sí.

“Bàbá ò sá lọ síbì kankan, Màmá.” Ó mí kanlẹ̀ nínú fóònù. “Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ yin ìbọn yẹn sí àmì kan níṣojú mi. Tó bá bà á, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá bà á, ẹ ó tẹ̀lé mi.”

Mo gbà láìjanpata. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ mí sí i. Mẹ́ta-Márùn-ún-Méje kì í ṣe ìbọn ọmọdé. Ó ń tàpá ju ìbaaka lọ. Lọ́dọọdún, tí a bá ti jẹ tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tán, àwọn ọkùnrin á jáde lọ yìnbọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n á sì pè mí. N óò yìn ín, n óò rẹ́rìn-ín. Burl, àbúrò Doyle, á yin tirẹ̀, irú kan náà, á máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tí oyin ta. “Ẹ wo ìyàwó wa! Apá bí ẹ̀ka igi gbígbẹ, ohun tó ń mì mí jìgìjìgì ló fi ń ṣeré!” Ìyàwó Alágbára ló sọ mí. Doyle á máa wo ilẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rò pé mò ń mú orí rẹ̀ wú ni.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ihò kan títí ọta fi wọlé, mo sì bọ́ síta. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn náà fò sókè, ó kù díẹ̀ kó kàn mí níwájú orí. Etí mi ń hó. Kí n tó dé inú ilé, ọrùn ọwọ́ mi ti wú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì wo ọwọ́ náà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ọ̀fọ̀ ti mú oúnjẹ lẹ́nu mi, ó ti mú oorun. Mo ní, ṣé ọwọ́ náà ló tún kàn?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Nadine, níbi tí ó ti ń ta ìbọn, ekòló ìpẹja àti búrẹ́dì. Estill àti Ferrel, àwọn àgbà tí kì í ra nǹkan kan, wà nídìí kọfí wọn.

“Nadine,” ni mo wí, “wá ìbọn tí kò lágbára fún mi. Èyí tí mo lè máa gbé kiri.”

“Ìbọn ọlọ́ta Mẹ́sàn-án ni kó o tà fún un,” ni Estill wí. “Mẹ́sàn-án ni gbogbo ayé ń gbé báyìí.”

“Mẹ́sàn-án!” Ferrel fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí sára. “Ìyẹn á kàn bí olè nínú ni. Mẹ́rin-Márùn-ún ni ìbọn.”

“Ìwọ tó ò rí ẹnu ọ̀nà láìlo awò, kí lo fẹ́ fi Mẹ́rin-Márùn-ún bà?”

“Ariwo rẹ̀ nìkan tó.”

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ mu kọfí yín,” ni Nadine wí.

Ó gbé Mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún mi, pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ wọ́ irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tó bọ́ sípò, làkúrègbé inú ìka mi kò sì gbà. Ó mú Méjì-Méjì wá, kékeré bí ohun ìṣeré. Ferrel ní ẹni tí mo bá yìn ín lù á padà wá béèrè ohun tí mo fi sọ òun. N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ̀ mí. Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá Curtis, èyí tẹ́ ẹ ń lò ńkọ́?” ni Nadine bi mí.

Mo yọ ọ́ láti inú báàgì. Mo sọ bí ọta kò ṣe wọlé àti bí ó ṣe tàpá. Nadine ṣí i, ó sì gbé ihò rẹ̀ sójú iná.

“Ta ló ń ki ọta sí i fún yín?”

“Doyle ni.”

“Ẹ wo inú ihò. Ẹ rí ẹ̀gbà dúdú yẹn? Èéfín ẹ̀tù ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọta kan wà tó ń jẹ́ Mẹ́ta-Mẹ́jọ. Ó sanra bákan náà pẹ̀lú Mẹ́ta-Márùn-ún-Méje, ìbọn yín ń jẹ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó kúrú, kì í sì í tàpá tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọta kúkúrú bá parí sí ni èéfín rẹ̀ máa ń dì sí. Òun ni kò jẹ́ kí èyí tó gùn kọjá.” Ó rọra gbé ìbọn náà kalẹ̀. “Ìyá Curtis, ọwọ́ yín ò bà jẹ́. Mẹ́ta-Mẹ́jọ lẹ ti ń yìn láti ọjọ́ yìí wá.”

Estill bọ́ fìlà rẹ̀.

Mo dé ilé, mo da ife náà sórí tábìlì, mo fi awò tí a fi ń ka Bíbélì wo ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta-Mẹ́jọ. Gbogbo wọn.

Inú bí mi. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ a máa sọ pé irọ́ kò ní àbúrò tó ń jẹ́ àánú. Mo fẹ́ bi Doyle pé kí ló dé tí kò lè wí pé, “Orpha, èyí le jù fún ọ.” Mo mọ ìdí rẹ̀. N kì bá tí gbà. N kì bá tún fọwọ́ kan ìbọn mọ́ nítorí ìtìjú. Síbẹ̀ mo fẹ́ ja ìjà náà, mo dìde, n kò sì rí ẹni bá jà. Mo tún jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé, Curtis fi ìṣó kan àwo pépà mọ́ kùkùté. Burl ti dé ṣáájú rẹ̀.

“Ìyàwó Alágbára, ṣé kí n sá sẹ́yìn ilé?”

“Dúró síbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yìn ọ́, ó ti pẹ́.”

Mẹ́ta-Mẹ́jọ tuntun tí mo rà lọ́dọ̀ Nadine ni mo kì sí i. Ó tàpá díẹ̀ ju ti Doyle lọ, ọrùn ọwọ́ mi dùn mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbà á. Mo yìn ín títí ó fi tán. Curtis lọ wo àwo náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

“Ó bà á, Màmá.”

“Mo sọ fún ẹ!” ni Burl kígbe. “Mẹ́ta-Márùn-ún-Méje! Àgbà ìbọn!”

Mo lè dákẹ́. Doyle ìbá dákẹ́. Mo ṣí ìbọn, mo da kóròfo ọta gbígbóná sí Burl lọ́wọ́.

“Ka ìdí rẹ̀.”

Ó wá awò rẹ̀ nínú àpò. “Mẹ́ta-Mẹ́jọ. Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tó o ti ń pè mí ní alágbára.”

Burl la ẹnu sílẹ̀. “Ọlọ́ṣà ni Doyle! Lọ́dọọdún ló ń bá mi ta tẹ́tẹ́ pé ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Lọ́dọọdún ló ń jẹ tábà mi!” Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di nǹkan mìíràn, ó sì yíjú sí òkè.

Curtis yọ àwo náà kúrò lára kùkùté. “Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ óò máa pè mí lálaalẹ́.”

“Èmi ni n óò máa pè ọ́? Ṣé ìwọ ò lọ́wọ́ ni?”

Wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, wọ́n sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo kó àwọn ọta Doyle padà sínú ife, mo gbé e sẹ́yìn ìkòkò ìyẹ̀fun níbi tí ọwọ́ mi kò ní máa dé lójoojúmọ́. Mo ki tuntun sínú ìbọn fúnra mi. Ó pẹ́ kí n tó rí i ṣe, nítorí ìka mi. Lẹ́yìn náà mo fi í sínú àkọ̀, mo wọ súẹ́tà lé e, mo sì jáde lọ ti ilẹ̀kùn àwọn adìyẹ.